Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà? Bí Ààrẹ Ṣe Ń Yan Mínísítà àti Ibi Tí Agbára Ilé Aṣòfin Àgbà Mọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ètò ìjọba ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi fídíò bí Ilé Aṣòfin Àgbà ṣe ṣàyẹ̀wò àwọn tí Ààrẹ fẹ́ fi ṣe mínísítà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n rí i pé wọ́n ní kí àwọn kan kàn tẹríba kí wọ́n máa lọ. Ni ọ̀kan nínú wọn bá bi mí pé, “Sà, ṣé àwọn Sẹ́nétọ̀ yìí lè kọ ẹnì kan lóòótọ́, àbí eré ni wọ́n ń ṣe?” Ìdáhùn tí mo fún un kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Bí wọ́n bá sì ti gba ẹni náà tán, ta ló lè yọ ọ́? Ǹjẹ́ aráàlú lásán lè sọ̀rọ̀ sí i?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa, ẹ bá mi kí ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ náà. N ó kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí, kí n tó wá tú u palẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè kọ ẹnì kan, wọ́n sì ti kọ ènìyàn rí. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni agbára wọn lórí ẹni náà mọ. Ẹni tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà kọjá, tó sì ti búra, ti bọ́ sọ́wọ́ Ààrẹ, Ààrẹ nìkan ló sì lè ní kó máa lọ. Ohun tó mú kí àyẹ̀wò náà jọ eré lójú ọmọ yín ni pé wọn kì í sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n fẹ́ gbé àlejò sí.

Abala 147 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní Ààrẹ ni yóò dá ipò mínísítà sílẹ̀, iye tó bá wù ú. Ààrẹ náà ni yóò sì yan ẹni tí yóò wà níbẹ̀, àmọ́ kò lè yàn án láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin Àgbà ti fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ilé Aṣojú-ṣòfin kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ du àga nínú ilé yẹn ni ẹni tó fẹ́ ṣe mínísítà náà gbọ́dọ̀ ní. Abala kan náà ní ó kéré tán, mínísítà kan gbọ́dọ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá, kó sì jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mínísítà Nàìjíríà kò fi lè dín ní 36, kódà bí àpò ìjọba bá gbẹ, tí Ààrẹ sì fẹ́ dín ìnáwó kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ìparí abala yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé. Ó ní bí orúkọ bá ti dé Ilé, tí ọjọ́ iṣẹ́ 21 sì kọjá láìsí èsì, kí a kà á sí pé a ti yan ẹni náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn Sẹ́nétọ̀ kò lè jókòó lé orúkọ kí wọ́n sì máa fi dídákẹ́ dá Ààrẹ dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ la ẹnu kí wọ́n sọ pé àwọn kọ̀. Bí wọ́n bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 21 kò lè gba ẹni náà sílẹ̀ mọ́, nítorí kò síbi kankan nínú abala 147 tó fún Ààrẹ láyè láti gba ẹ̀yìn wọn yan ẹni tí wọ́n kọ̀. Abala 192 sọ ohun kan náà nípa gómìnà, àwọn kọmíṣọ́nnà rẹ̀ àti Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀.

Òfin wá fi Ilé sábẹ́ àkókò, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ kò fi Ààrẹ fúnra rẹ̀ sábẹ́ àkókò kankan. Ààrẹ Muhammadu Buhari búra ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2015. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni orúkọ àkọ́kọ́ tó dé Ilé, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá sì ni àwọn mínísítà búra. Ó ju oṣù márùn-ún lọ tí àwọn akọ̀wé àgbà fi ń darí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Ti Ọ̀ṣun tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn tí Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá búra fún sáà kejì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ó lé ní ọdún méjì kí ó tó ní kọmíṣọ́nnà. Nígbà tó yá, wọ́n tún ìwé òfin ṣe pé kí Ààrẹ tàbí gómìnà fi orúkọ ránṣẹ́ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tó bá búra. Buhari fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lu àtúnṣe náà ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tó ku oṣù méjì péré kó fi Àbújá sílẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè náà ló ṣe òfin fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ààlà. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ẹ kà á lórí ìka yín, ọjọ́ 28 oṣù Keje ni ọgọ́ta ọjọ́ pé. Ọjọ́ 27 ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Ààrẹ, Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, gbé lẹ́tà náà dé Ilé, tí Godswill Akpabio tó jẹ́ Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà sì ka orúkọ 28 tó wà nínú rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni 19 mìíràn dé, wọ́n tún fi ẹnì kan kún un, orúkọ wá di 48.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín rí nínú fídíò lọ báyìí. Gbogbo Ilé jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n pín ìwé tó sọ nípa ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ẹni tí a fà kalẹ̀ fún àwọn Sẹ́nétọ̀. Wọ́n mú ẹni náà wọlé, ó dúró síwájú, ó sọ ìtàn ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Bí ó bá ti ṣe aṣòfin rí, tàbí tó bá jẹ́ ẹni tí àwọn Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ dìde láti gbóríyìn fún, wọn a ní kó tẹríba kó máa lọ. Àṣà ni èyí, kò sí nínú òfin. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀ tí àwọn aṣòfin ń bù fún ẹni tó ti jókòó láàárín wọn rí, ṣùgbọ́n ó ti gbòòrò kọjá ààlà, ó sì ti ń kan ẹni tí kò ṣe aṣòfin rí láyé. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni àwa, a mọyì ìdọ̀bálẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó wá gba iṣẹ́ kì í fi ìdọ̀bálẹ̀ rọ́pò ẹ̀rí pé òun mọ iṣẹ́ náà í ṣe.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìtẹríba yẹn gba gbogbo ìbínú yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dáyà fò mí jù ni lẹ́tà Ààrẹ. Orúkọ ló wà nínú rẹ̀, kò sí iṣẹ́. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni Ilé fọwọ́ sí ènìyàn 45. Ọjọ́ 16 ni Ààrẹ tó wá kéde ilé iṣẹ́ tí yóò gbé fún oníkálùkù wọn. Ọjọ́ 21 ni wọ́n búra. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó kan Bọ́sùn Tìjání, ọmọ Ògùn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ àwọn Sẹ́nétọ̀ lógún ni ohun tó ti kọ sórí Twitter tipẹ́, èyí tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu orílẹ̀-èdè yìí. Ó tọrọ àforíjì, wọ́n gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òun ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀ ajé orí íntánẹ́ẹ̀tì fún. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ayélujára ni, ẹnikẹ́ni sì lè fojú inú wò ó pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n fífojú inú wò ó yàtọ̀ sí kíkà á nínú lẹ́tà. Sẹ́nétọ̀ tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹnì kan kò lè bi í ní ohun tó ju ìbéèrè ẹni tó pàdé àjèjì lọ: ọmọ ta ni ọ́, níbo lo ti kàwé, kí lo ti ṣe rí?

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí ní àwíjàre kan tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Abala 148 ní ó kù sí Ààrẹ lọ́wọ́ láti pín iṣẹ́ ìjọba fún Igbákejì rẹ̀ tàbí mínísítà èyíkéyìí, bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wá ní bí a bá tilẹ̀ kọ iṣẹ́ sí iwájú orúkọ lónìí, Ààrẹ lè pàrọ̀ wọn lọ́la láìbi ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọjọ́ tí wọ́n bi í léèrè, a ó ti gbọ́ ohun tó mọ̀ nípa iṣẹ́ tó ń lọ gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí kíkọ̀, torí òun gan-an ni ọmọ yín béèrè. Nínú orúkọ 48 ọdún 2023, mẹ́ta kò kọjá: Nasir El-Rufai láti Kàdúná, Stella Okotete láti Delta, àti Sani Danladi láti Taraba. Ilé ní àyẹ̀wò àwọn agbófinró ètò ààbò lórí wọn kò tíì parí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ọgbọ́n sọ ọ́: wọn kò pariwo pé àwọn kọ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n sọ ni pé ó kù síbì kan. Síbẹ̀, kò sí èyí tó di mínísítà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, El-Rufai alára sì yẹra. Nítorí pé òfin ní Kàdúná gbọ́dọ̀ ní mínísítà tirẹ̀, Ààrẹ ní láti fi ọmọ Kàdúná mìíràn ránṣẹ́, ìyẹn Balarabe Lawal, tí wọ́n gbà wọlé ní oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Kàdúná yìí kan náà ni kí ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín padà sí bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí “rárá” ṣe lè dún tó. Ní ọdún 1979, lábẹ́ ìwé òfin tó ṣáájú èyí tí à ń lò lónìí, Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP wọlé gómìnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NPN ló pọ̀ jù nínú Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Ó fi orúkọ kọmíṣọ́nnà ránṣẹ́, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó tún fi ránṣẹ́, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ó di pé gómìnà ń ṣe ìjọba láìní kọmíṣọ́nnà, àwọn akọ̀wé àgbà ló ń bá a ru ẹrù náà, títí di oṣù Kẹfà ọdún 1981 tí Ilé kan náà yọ òun gan-an nípò. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó ń wádìí ìmọ̀ tàbí ìwà àwọn tí wọ́n fà kalẹ̀ nínú gbogbo ìjà yẹn. Gómìnà ni wọ́n fẹ́ mú, orúkọ àwọn kọmíṣọ́nnà ni wọ́n fi ń na án.

Ti Èkó ní ọdún 2023 yàtọ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni, nítorí ẹgbẹ́ APC ló ni gómìnà, òun náà ló ni 38 nínú àga 40 tó wà nínú Ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan, kò yẹ kí wàhálà kankan wà. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi orúkọ 39 ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, Ilé tí Mudashiru Ọbásá jẹ́ Abẹnugan rẹ̀ gba 22, ó kọ 17. Lára àwọn tí wọ́n kọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí, ẹni tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìlera nígbà tí àrùn Kòrónà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, àti Gbénga Ọmọ́tọ̀ṣọ́ tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìròyìn. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí orúkọ àwọn méjèèjì tún fi padà dé Ilé, tí wọ́n sì gbà wọ́n wọlé. Àwọn mìíràn nínú àwọn 17 kò padà mọ́. Abáyọ̀mí tí wọ́n kọ̀ àti Abáyọ̀mí tí wọ́n gbà, ìwé ẹ̀rí kan náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo irú ìpàdé tí yóò ti wáyé láàárín ọjọ́ méjèèjì. Bí agbára kíkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa nìyẹn: kì í sábà lé ènìyàn lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó máa ń mú gómìnà padà wá jókòó kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ wá sọ fún ọmọ náà pé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan wà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Abala 151 fún Ààrẹ láyè láti yan àwọn olùdámọ̀ràn pàtàkì. Iye wọn àti owó oṣù wọn nìkan ni Ilé Aṣòfin yóò fọwọ́ sí, kì í ṣe orúkọ wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n ṣí Ilé tuntun gan-an, àwọn Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí 20 fún Ààrẹ Tinúbú láìmọ ẹni tí yóò wà níbẹ̀. Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ àti olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Ààrẹ náà kì í lọ sí iwájú Ilé fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá mọ bí Àbújá ṣe rí yóò sọ fún yín pé mínísítà púpọ̀ ló ń dúró kí olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ tó dá wọn lóhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó súnmọ́ Ààrẹ jù ni à ń wá láti yẹ̀ wò, ẹnu ọ̀nà tí kò tọ́ la ń ṣọ́.

Ọ̀nà mìíràn tún ni “adelé”. Òfin tó dá àjọ EFCC sílẹ̀ ní Ilé Aṣòfin Àgbà ni yóò fọwọ́ sí alága rẹ̀. Ilé kọ Ibrahim Magu ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó tún kọ ọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Síbẹ̀ Magu wà lórí àga náà gẹ́gẹ́ bí adelé títí di oṣù Keje ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń mú kí àwọn ènìyàn sọ pé kíkọ̀ Ilé kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìyàtọ̀ han àwọn ọmọ yín: kò sí ohun tó ń jẹ́ adelé mínísítà nínú abala 147. Ẹni tí Ilé kò bá fọwọ́ sí kò lè búra, ẹni tí kò bá sì búra, tí kò sì kéde dúkìá rẹ̀ bí abala 149 ṣe wí, kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìbéèrè yín kejì: ta ló lè yọ ọ́? Ààrẹ nìkan. Ilé lè kọ lẹ́tà, wọ́n lè dìbò pé àwọn kò fẹ́ rí mínísítà kan mọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lásán ni ìbò bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún Ààrẹ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Ní àkókò Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, inú Ilé ni olórí ìjọba àti àwọn mínísítà rẹ̀ ti ń jáde wá, ẹni tí Ilé kò bá sì fẹ́ mọ́ kò gbọ́dọ̀ wà lórí oyè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ọọ̀ni Adéṣọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà ẹkùn náà, yọ ọ́ nípò, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní ìwé lásán kò tó, inú Ilé ló yẹ kí wọ́n ti dìbò. Nígbà tí Ilé sì jókòó ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àga ni wọ́n ń jù lu ara wọn. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, sì dá Adégbẹ́nró láre ní ọdún 1963, àmọ́ ẹkùn náà ti tún òfin rẹ̀ kọ kí ìdájọ́ yẹn má baà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé òfin ọdún 1979, irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú wọn gba ètò tí Ààrẹ àti Ilé yóò ti dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A bọ́ lọ́wọ́ ìjà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára láti yọ mínísítà náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn aṣojú wa.

Yíyà tí wọ́n ya wọ́n sọ́tọ̀ yìí le débi pé ènìyàn kò lè jókòó sórí àga méjì. Abala 147 ní bí aṣòfin bá ti búra gẹ́gẹ́ bí mínísítà, ó ti fi àga rẹ̀ nínú Ilé sílẹ̀ nìyẹn. Olúbùnmi Túnjí-Òjó ń ṣojú Àríwá Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó ní Ilé Aṣojú-ṣòfin kó tó di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní 2023. Àwọn ará Àkókó ní láti padà sí ìdí àpótí ìbò ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹ wá wo Bìrìtéènì, níbi tí Kẹ́mi Badenoch, ọmọ Yorùbá, ti jẹ́ mínísítà fún okòwò ní 2023, tó sì tún ń ṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé aṣòfin lọ́jọ́ kan náà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí kò bá sí nínú ilé aṣòfin ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti gbé wọlé: nígbà tí wọ́n fẹ́ fi David Cameron ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, oyè ni wọ́n fi í jẹ kó lè jókòó ní Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù. Àwọn ìbátan wa ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà ní ìpele mìíràn. Ìwé òfin wọn ti ọdún 1990 ní kí Ààrẹ gba ìmọ̀ràn àwọn aṣáájú ilé aṣòfin kó tó yan mínísítà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́, Ààrẹ lè yàn án náà.

Ẹ má rò pé nítorí èyí, Ilé wa di aláìlágbára lẹ́yìn ìbúra. Abala 67 gbà wọ́n láyè láti pe mínísítà kó wá ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, abala 88 àti 89 sì gbà wọ́n láyè láti wádìí, láti pe ẹlẹ́rìí, kódà láti ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, owó wà lọ́wọ́ wọn. Mínísítà kò lè ná kọ́bọ̀ tí kò sí nínú ètò ìṣúná tí ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí. Èmi ti rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń làágùn nínú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù lọ́jọ́ tó wá gbèjà owó tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ná. Àwọn oníròyìn kì í pọ̀ níbi ìjókòó bẹ́ẹ̀, kì í sì í sí ẹni tí wọ́n ń ní kó tẹríba kó máa lọ. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, fídíò irú ìjókòó yẹn ni n bá fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Kí a tó kúrò lórí àyẹ̀wò, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Kẹ́mi Adéọ̀ṣun. Àwọn Sẹ́nétọ̀ gbà á wọlé ní 2015, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ owó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn oníròyìn tú àṣírí pé ìwé ìyọ̀ǹda NYSC rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ó ní àwọn tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ló bá òun gbà á. Ní ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ wá sọ pé òfin kò béèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó lè ṣe mínísítà. Ẹ wò ó dáadáa: ìwé tí wọ́n kò yẹ̀ wò nígbà tó wọlé ló lé e jáde, ìwé náà kò sì sí lára ohun tí òfin ń wá. Àyẹ̀wò tó péye ì bá ti yanjú ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èyí ló mú mi dé orí ìbéèrè yín kẹta. Aráàlú lè sọ̀rọ̀, ó sì lè ràn. Ní 2023, Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi tó ń ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Kogí ló dìde nígbà tó kan El-Rufai, tó ní ìwé ẹ̀sùn wà lọ́wọ́ òun nípa rẹ̀, ẹ sì ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ El-Rufai já sí. Sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ilé. Kí ẹ sọ ohun tí ẹ fojú yín rí tàbí tí ìwé wà fún, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ọn, kí ẹ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí i, nítorí ẹ̀sùn aláìlórúkọ kì í dé orí tábìlì. Ohun tó máa ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára ni àkókò. Ní ọdún yẹn, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ka orúkọ, Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín, ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ í sọ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ka orúkọ náà.